Téèpù kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a rí ní Oǹdó: báwo la ṣe máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ta ló sì lè kà á?

Omo_Ekimogun (Oǹdó)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan níbí fún ọdún púpọ̀. Ẹgbẹ́ náà ń tún ọ́fíìsì wọn ṣe báyìí, wọ́n ní kí n wá kó ẹrù bàbá mi kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. Abẹ́ tábìlì ni mo ti fa páálí kan jáde, téèpù kọ̀ǹpútà ló kún inú rẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni. Méjì tóbi, wọ́n rí róbótó, láti etí kan dé èkejì lé díẹ̀ ní 26 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ike tirẹ̀. Mẹ́rin jẹ́ onígun mẹ́rin, ike lókè, irin nísàlẹ̀, wọ́n kọ DC6150 sí wọn lára. Mẹ́ta tó kù kéré ju kásẹ́ẹ̀tì orin lọ, DDS ni wọ́n kọ sára wọn.

Nínú àwọn onírin, ọ̀kan ṣoṣo ló ní ìkọ̀wé báírò lára: MEMBR 91 BK2. Nínú àwọn ńlá, ọ̀kan ní PAYR, ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ti pa rẹ́. Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà fún wọn nígbà náà ti kú.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé ikán ti jẹ lẹ́jà ọdún 1989 sí 1993 tán. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ tó ti lọ ń wá béèrè owó ìpín bàbá wọn, ẹgbẹ́ ò sì rí ìwé tí wọ́n máa fi dá wọn lóhùn. Ta ló lè kà á fún wa ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó?

Condemn_Ijoka (Àkúrẹ́)

Irin abẹ́ àwọn mẹ́rin yẹn, alumíníọ̀mù ni. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ kó wọn wá, a máa wọ̀n wọ́n ní kílò.

Tolu_SouthGate (FUTA)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn o 😂

Àwọn kékeré yẹn, ṣé wọn ò lè wọ ẹ̀rọ DAT tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ń lò nígbà kan? Ó jọ pé kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni.

BabaUnix (Alágbàká, Àkúrẹ́)

Tolu, kásẹ́ẹ̀tì náà jọra lóòótọ́. Inú DAT olórin ni Sony àti HP ti yọ DDS jáde ní 1989. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ orin kò mọ ohun tó ń jẹ́ fáìlì, kò ní fún ọ ní nǹkan kan.

Omo_Ekimogun, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ti ọ̀kankan nínú wọn bọ ẹ̀rọ kankan báyìí. Téèpù tó ti pẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá kọjá lójú hẹ́ẹ̀dì, ibi tí ẹ̀rọ fi ń kà á, ló sábà máa ń kà dáadáa jù, ó sì lè má sí ìgbà kejì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa.

Àwọn ńlá méjì yẹn, bí téèpù inú wọn bá fẹ̀ tó ìlàjì íǹṣì, téèpù kọ̀ǹpútà ńlá ni wọ́n. Èyí tó kún dáadáa máa ń gùn tó 2,400 ẹsẹ̀ bàtà. Láti ìgbà tí IBM ti gbé System/360 jáde ní 1964 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: mẹ́jọ fún báìtì (àyè lẹ́tà kan), ìkẹsàn-án fún àyẹ̀wò. Èyí tó ṣáájú ìyẹn jẹ́ ọlọ́nà méje, mi ò rò pé tiyín lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe há dátà sí i tó nìkan ló kù ká mọ̀: 800, 1600 tàbí 6250 báìtì nínú íǹṣì kan. Bẹ́ ẹ bá rí 6250 tí wọ́n tẹ̀ sára ike, ẹ má gbà á gbọ́ o! Ẹni tó ṣe téèpù náà ló ń sọ pé òun ti dán an wò dé 6250. Ẹni tó rà á lè kọ ọ́ ní 1600, kó sì má yí nǹkan kan padà lára ike.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìtóbi rẹ̀ tàn yín. Láàárín búlọ́ọ̀kù dátà kan àti èkejì, ní 800 àti 1600, àlàfo 0.6 íǹṣì ni ẹ̀rọ máa ń fi sílẹ̀ kó lè ráyè dúró kó sì tún gbéra. Bí ẹni tó kọ ètò bá ń kọ báìtì 80 lẹ́ẹ̀kan ní 1600, dátà gba 0.05 íǹṣì, àlàfo gba ìlọ́po méjìlá rẹ̀. Téèpù tó yẹ kó gba nǹkan bí 40 MB lè má gba ju MB mélòó kan lọ.

Àwọn onírin ni irú téèpù tí wọ́n ń pè ní QIC (Quarter-Inch Cartridge). DC6150 gba 150 MB, téèpù rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ lórí ọ̀nà 18. Àwọn tó ń lo Xenix àti UNIX, àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, lórí kọ̀ǹpútà kékeré ló fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn. Ọkàn mi wà lára àwọn yìí ju àwọn ńlá lọ.

Ẹ bá mi wo nǹkan wọ̀nyí láìfi ọwọ́ kan téèpù fúnra rẹ̀. Ṣé òrùka ike wà ní ẹ̀yìn àwọn ńlá, ní àárín gbùngbùn? Bí òrùka ò bá sí, ẹ̀rọ ò lè kọ nǹkan sí i, èyí tí a fẹ́ nìyẹn. Lára àwọn onírin, kọ́ńdù kékeré kan wà ní igun tí wọ́n kọ SAFE sí. Ẹ yí i kí ọfà rẹ̀ dojú kọ SAFE. Àwọn DDS ní ike funfun kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé lẹ́yìn. Ẹ ṣí i sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ọ̀kankan ti bu.

Omo_Ekimogun

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Kò sí òrùka lẹ́yìn àwọn ńlá. Mo ti yí SAFE ti àwọn onírin, mo sì ti ṣí ike àwọn kékeré. Ọ̀kan nínú àwọn ńlá ní funfun-funfun létí, ó ń rùn bí ilé tí wọ́n ti pa dé tipẹ́. Àwọn onírin mọ́ tónítóní lójú. Mo rí i láti ojú fèrèsé wọn pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ara téèpù kọjá. Nínú ọ̀kan, rọ́bà náà ti sọ̀ kalẹ̀.

Iya_Arakale (Àkúrẹ́)

Iṣẹ́ àkántì ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń yan irú téèpù bẹ́ẹ̀ nínú ófùùnù kó tó ṣe é kà. Àbí ẹ lè sá a sóòrùn díẹ̀?

BabaUnix

Mà mí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sá a bí kòkó o.

Yíyan téèpù kì í ṣe ìtàn. Lẹ́ẹ̀ tó so ìyẹ̀fun irin mọ́ ara ike téèpù máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, omi náà á máa jẹ lẹ́ẹ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀. Bó bá pẹ́, téèpù á máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, á máa han lójú hẹ́ẹ̀dì, á sì fi ìdọ̀tí pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ wa níbí, láti oṣù kẹrin títí tí òjò á fi dáwọ́ dúró, kò ran irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fi í sínú ooru 50 sí 55 Celsius fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á sì tètè kà á kó tó tún padà sí ìwà rẹ̀. Ófùùnù tí ẹ fi ń yan kéèkì kì í dúró sójú 50. Bákan náà, téèpù tó bá ti ní àìsàn yẹn nìkan ni wọ́n ń yan. Ẹ ò gbọdọ̀ yan kásẹ́ẹ̀tì onírin bó ṣe wà rárá, rọ́bà inú rẹ̀ á kú.

Èyí tó ti bu, ẹ fi sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, kó má kó ran àwọn yòókù. Ẹ fi nǹkan bo imú tí ẹ bá ń gbé e.

Agbe_Olode

Wàhálà yìí pọ̀ jù lójú tèmi. Ẹ lọ sí bánkì tí ẹgbẹ́ ń lò, kí wọ́n tẹ ìwé àkáǹtì 1991 jáde fún yín. Téèpù ọgbọ̀n ọdún! Kí ló tún kù nínú rẹ̀?

Omo_Ekimogun

Ẹ ṣé sà. Àkáǹtì ẹyọ kan ni ẹgbẹ́ ní ní bánkì. Àpapọ̀ owó ni bánkì lè sọ. Kò mọ ti Lágbájá yàtọ̀ sí ti Tàmẹ̀dò.

OmoIdanre_Hamburg (Jámánì)

Ẹ̀gbọ́n Agbe_Olode, ọgbọ̀n ọdún kéré. Ní 1966 àti 1967, NASA rán ọkọ̀ Lunar Orbiter márùn-ún lọ ya àwòrán òṣùpá. Téèpù ni wọ́n kó àwọn àwòrán náà sí, ẹ̀rọ Ampex FR-900 nìkan ló sì lè kà á. Nígbà tí gbogbo ènìyàn fẹ́ kó àwọn ẹ̀rọ náà dà nù, Nancy Evans, obìnrin tó ń ṣọ́ àwọn téèpù náà, kó wọn lọ sílé ara rẹ̀. Nígbà tó di 2008, àwọn kan tún ẹ̀rọ yẹn ṣe nínú ilé oúnjẹ McDonald's tí wọ́n ti pa tì ní ọgbà NASA Ames ní California. Àwòrán ayé tó ń yọ lẹ́yìn òṣùpá, ti 1966, tún jáde, ó mọ́ ju bí wọ́n ṣe rí i nígbà tí wọ́n yà á lọ.

Ti Apollo 11 wá ńkọ́? Àwọn téèpù tí dátà ìrìn àjò náà wà lórí rẹ̀ ní tààrà, NASA fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìròyìn 2009 pé ó jọ pé wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n sì kọ nǹkan mìíràn lé e, torí téèpù wọ́n wọn nígbà náà. Ẹ wò ó: téèpù tí ẹnikẹ́ni ò ráyè fún, tó kàn wà nílẹ̀, ló là. Èyí tí wọ́n ń tún lò ló parẹ́.

Ní 2025 pàápàá, wọ́n rí téèpù UNIX ẹ̀dà kẹrin, ti 1973, ní Yunifásítì Utah, wọ́n sì kà á ní Computer History Museum.

Fún àwọn ńlá méjì yẹn, mi ò rò pé ẹ máa rí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí. Mo mọ àwọn kan níbí tí wọ́n ní ọ̀kan. Wọn kì í ka èyí tó burú ní ọ̀nà àtijọ́: wọ́n á gba ìgbì tó ń jáde lójú hẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ bó ṣe rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni ètò kọ̀ǹpútà á jókòó ti ìgbì náà láti tú u sí báìtì. Tí ètò bá ṣi í tú, wọ́n á tún tú u láìfọwọ́ kan téèpù mọ́.

LawyerOwo (Ọ̀wọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan méjì péré. Orúkọ àti owó ènìyàn ló wà nínú téèpù yìí. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, ẹ má gbé àwòrán tí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ hàn nínú rẹ̀ síbí. Èkejì, bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, abala 84 òfin Evidence Act ti 2011 máa béèrè bí kọ̀ǹpútà ṣe bí ìwé tí ẹ gbé wá. Ẹ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀: ta ló ṣe é, ẹ̀rọ wo, ọjọ́ wo. Bí fáìlì bá ti ti inú téèpù jáde, ẹ ṣe sha256 rẹ̀ (nọ́ńbà àmì tó máa yí padà bí ẹnikẹ́ni bá yí fáìlì náà) lójú ẹsẹ̀, kí alága àti akápò fọwọ́ sí i.

BabaUnix

Lọ́yà sọ òótọ́. Mo ní ẹ̀rọ téèpù Archive Viper 2150S kan nílé, ó ń ka DC6150. Wáyà SCSI oníhò 50 tó ń so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà ni mi ò ní mọ́. Ta ló lè bá wa wá a?

Condemn_Ijoka

Ó wà lọ́dọ̀ mi, pẹlẹbẹ, pẹ̀lú orí mẹ́ta. Bàbá, ẹ rán ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò gba owó.

Tolu_SouthGate

Mo ti wà lọ́dọ̀ bàbá, alága ẹgbẹ́ àti Omo_Ekimogun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Ká ní a kàn ti téèpù bọ inú Viper yẹn ni, à bá ti sọkún. Bàbá ṣí i, ròlà rọ́bà tó yẹ kó máa yí kásẹ́ẹ̀tì ti yọ́ di ọ̀dà dúdú. Bàbá ní gbogbo irú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá pẹ́. A fi sìpírítì ha ọ̀dà náà kúrò pátá, a wọ ọ̀pá rọ́bà tuntun sí irin ròlà náà, a gé e kó bá ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ mu. Bó bá tóbi jù, téèpù á sáré jù, dátà ò ní bọ́ sójú ìlà. A fi òwú nu hẹ́ẹ̀dì.

Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tí bàbá ní la kọ́kọ́ fi dán an wò, a kọ nǹkan sí i, a kà á padà. Ìgbà tó yege ni bàbá tó jẹ́ ká mú ti ẹgbẹ́ jáde. Inverter ló ń gbé e, torí bí iná bá lọ níbi tí téèpù ti ń sáré, ó lè so kọ́ra.

Kọ̀ǹpútà Linux àtijọ́ tó ní káàdì Adaptec 2940 la fi ṣe é. Ẹ kíyè sí i: orúkọ méjì ni Linux ní fún ẹ̀rọ téèpù kan náà, nst0 ni a lò, a ò lo st0. Bí ẹ bá lo st0, gbogbo ìgbà tí ètò bá parí ni téèpù á sáré padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní lè dé fáìlì kejì láéláé.

mt -f /dev/nst0 status
mt -f /dev/nst0 retension
mt -f /dev/nst0 setblk 512
dd if=/dev/nst0 of=bk2-01.img bs=512

dd ló ń da ohun inú téèpù bó ṣe rí sínú fáìlì kan, èyí tí à ń pè ní àwòrán téèpù. Retension yẹn, ó ń fa téèpù lọ dé òpin, ó sì ń dá a padà, kó lè fún bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá rò ó dáadáa kó tó gbà, torí bí téèpù bá ti lẹ̀ mọ́ra, ibẹ̀ ló ti máa ya. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i díẹ̀, ó rí i pé ó ń tú wọ́ọ́rọ́.

MEMBR 91 BK2 ti jáde! Àwọn ibì kan wà tí ẹ̀rọ ń lọ síwájú ń padà sẹ́yìn tó ń gbìyànjú, bàbá sì dá a dúró níbẹ̀, ó ní ìlọ-àbọ̀ yẹn ń họ téèpù. A nu hẹ́ẹ̀dì, a fò ó kọjá, a máa padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ibi tó dára bá ti wọlé.

Iya_Arakale

Ẹ kú iṣẹ́ o! Kí ló wà nínú rẹ̀?

Tolu_SouthGate

Mo ṣí i pẹ̀lú hexdump, ètò tó ń fi báìtì kọ̀ọ̀kan hàn. Nínú àwọn àmì tí a fi ń mọ irú téèpù, kò sí VOL1 ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ustar (ti ètò tar) ní báìtì 257, kò sí TAPE. Gbuurugbu ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, títí mo fi rí 070707.

BabaUnix

cpio nìyẹn, ètò tí àwọn ará UNIX fi ń di fáìlì pọ̀. Fún àwọn tó ń kà wá láti òkèèrè: báìtì àkọ́kọ́ téèpù ni ibi tí a ti ń mọ̀ ọ́n, ìkọ̀wé báírò kì í ṣe ẹlẹ́rìí. VOL1 tó bá jáde ní 56 4F 4C 31, ASCII ni, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà. Bó bá jáde ní E5 D6 D3 F1, EBCDIC ti IBM ni, lẹ́yìn rẹ̀ ni HDR1 àti HDR2 máa wà, báìtì 80 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, HDR2 á sì sọ bí búlọ́ọ̀kù àti àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó fún yín. TAPE ní ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, ti Windows ni, NTBackup tàbí ìbátan rẹ̀. Bí 070707 bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ni cpio ti bẹ̀rẹ̀. Ti Tolu ò wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń dà mí láàmú.

Omo_Ekimogun, mo rò pé BK2 yẹn kì í ṣe ẹ̀dà kejì. Kásẹ́ẹ̀tì kejì nínú ìdìpọ̀ kan ni. Gbuurugbu tó ṣáájú ni ìdajì fáìlì tó bẹ̀rẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Èkíní wà lára àwọn mẹ́ta tí kò ní orúkọ.

Omo_Ekimogun

Jésù! Ìyẹn ni pé bí a bá ti ta àwọn tí kò ní orúkọ fún Condemn, a ti pàdánù ìdajì?

Condemn_Ijoka

Ẹ fi mí sílẹ̀ o, wáyà mi lẹ ń lò.

Tolu_SouthGate

Òótọ́ ni bàbá sọ! Ẹyọ kan nínú àwọn mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 070707 gan-an, ó sì parí ní àárín fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MEMBR.DAT. Mo so àwòrán téèpù méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú cat, mo dà á sínú cpio, ó tú. Níbi tí téèpù ti bàjẹ́, cpio kàn kọ ọ́ pé òun fo báìtì báyìí-báyìí tí kò nítumọ̀, ó wá orí fáìlì tó kàn, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Òmíràn nínú àwọn mẹ́ta òfìfo ni. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ sọ̀, a ò tíì fọwọ́ kàn án, bàbá ń wá rọ́bà tó máa bá a mu.

Àwọn DDS ò gba àkókò. Méjì jẹ́ NTBackup ti ọdún 2000 sókè, lẹ́tà ìpè ìpàdé ló pọ̀ nínú wọn. Ìkẹta, ẹnìkan ti kọ nǹkan kékeré lé e lórí. Ibi tí ìkọ̀wé tuntun parí sí ni ẹ̀rọ gbà pé dátà parí sí, kò gbà ká kọjá ibẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àtijọ́ wà níwájú.

Ìṣòro kan: mo ṣí MEMBR.DAT, orúkọ àwọn ènìyàn hàn kedere, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí owó wà, wúruwùru ni. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Iya_Arakale

Kò bàjẹ́. COBOL, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́, ni wọ́n fi kọ ètò yẹn, mo ti bá irú rẹ̀ jẹun. Owó inú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní COMP-3: nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń há sínú báìtì kan, lẹ́tà C tàbí D ló sì ń parí rẹ̀. Bí owó ìpín ẹnìkan bá jẹ́ ₦1,250.50, tí àyè rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ńbà mẹ́sàn-án, ohun tó o máa rí nínú hexdump ni 00 01 25 05 0C. C ní òpin, ẹgbẹ́ ló jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ D, òun ló jẹ ẹgbẹ́.

Tolu, ọmọ mi, kíyè sí èyí dáadáa: gbèsè tí nọ́ńbà ìkẹyìn rẹ̀ bá jẹ́ òdo, 0D ló máa parí sí. 0D náà sì ni kọ̀ǹpútà ń kà sí Enter. Bí o bá ṣí fáìlì yẹn nínú Notepad tó o sì tọ́jú rẹ̀, tàbí o fi FTP gbé e bí ìwé lásán, ètò náà lè "tún" Enter ṣe fún ọ. Àkọsílẹ̀ ajẹgbèsè á bàjẹ́, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì yẹ̀ ní ààyè. Ẹ̀dà ni kó o máa fi ṣiṣẹ́, má fọwọ́ kan èyí tó ní sha256.

Omo_Ekimogun, ẹ wo inú ìwé bàbá yín. Ẹ wá ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde tó ní PIC X, PIC S9 lára, òun ló máa sọ bí àyè kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, ó sábà máa ń wà lórí ìwé gígùn oníhò létí.

Omo_Ekimogun

Mà mí, mo rí i! Inú fáìlì tí wọ́n kọ "Kọ̀ǹpútà" sí lẹ́yìn. Ó ní MEM-NO PIC X(6), MEM-NAME PIC X(30), SHARE-BAL PIC S9(7)V99 COMP-3, ó sì ń lọ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tolu ní kọ̀rọ̀.

Iya_Arakale

Ó tán. Mẹ́fà, ọgbọ̀n, lẹ́yìn náà báìtì márùn-ún owó ìpín. Kí Tolu kọ ètò Python kékeré tó máa gé e ní ìwọ̀n yẹn. Kí ó tó gba ìlà kankan, kó yẹ̀ ẹ́ wò pé C, D tàbí F (nọ́ńbà tí kò ní àmì) ló parí owó náà. Èyí tí kò bá parí bẹ́ẹ̀, kó yà á sọ́tọ̀, kó má fi òdo dí i.

Tolu_SouthGate

Ó ti ṣiṣẹ́. Àwọn ìlà tó yà sọ́tọ̀ wà níbi tí téèpù ti bàjẹ́ nìkan, wọn ò fọ́nká. A padà sí ibẹ̀ lórí téèpù lẹ́yìn tí hẹ́ẹ̀dì mọ́, díẹ̀ nínú wọn tún wọlé.

Omo_Ekimogun

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ o. Akápò mú ìwé ọ̀dítà 1991 wá, èyí tí ikán ò rí jẹ torí ilé alága ló wà. Àpapọ̀ owó ìpín tó wà níbẹ̀ àti èyí tó ti inú téèpù jáde kò bára mu, tiwa kéré sí tibẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn nítorí àwọn ìlà tó sọnù. Ẹgbẹ́ ti gbà pé àwọn tí ìlà wọn pé máa gba èsì láti inú àkọsílẹ̀ yìí. Àwọn tí ìlà wọn bàjẹ́, nọ́ńbà wọn ṣì hàn nípa èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí ìdílé wọn mú káàdì tàbí ríṣíìtì àtijọ́ wá. Iye tó bá jáde nínú gbogbo káàdì yẹn lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju iye tó kù láti fi bá ìwé ọ̀dítà dọ́gba. LawyerOwo ló dá ìmọ̀ràn yẹn fún wa ní kọ̀rọ̀.

Àwọn ńlá méjì ló kù. OmoIdanre, ṣé x-ray ní pápákọ̀ òfuurufú ò ní pa wọ́n rẹ́?

OmoIdanre_Hamburg

X-ray kì í pa téèpù rẹ́. Òòrùn inú búùtù ọkọ̀ láti Oǹdó dé Èkó ló ń bà mí lẹ́rù. Kí ẹni tó ń bọ̀ gbé wọn sọ́wọ́ nínú ọkọ̀ tó tutù, kó má dì wọ́n pọ̀ mọ́ sípíkà. Èyí tó ti bu, kó wà nínú ọ̀rá tirẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn níbí á gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó tú u.

BabaUnix

Kó tó lọ, ẹ kọ ọ́ sára páálí, kì í ṣe sára téèpù: ìlàjì íǹṣì, kò sí òrùka, a kò mọ 1600 tàbí 6250, PAYR. Kí ẹni tó máa gbà á mọ̀ pé a ò tíì fi wọ́n sínú ẹ̀rọ kankan. Ní ti àwọn onírin, ẹ gbé wọn nàró nínú páálí wọn, ní yàrá tó gbẹ. Kò sí nínú ìmọ̀ràn mi pé kí ẹ kó wọn dà nù nítorí pé fáìlì ti jáde. Ẹni tó bá máa gbé ẹjọ́ wá lè ní kí a fi téèpù gan-an han òun.